Àdúrà Tí Mo Gbà Lé Àpò Àgbàdo Lórí

Èmi ni mo gbàdúrà náà. Kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn. Obìnrin mẹ́tàlá la pagbo yí àpò mẹ́ta ká lọ́jọ́ náà nínú àgbàlá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Cornelius, ẹni tó kó àpò náà wá fún wa, ní, "Sísítà Phebe, ẹ gbàdúrà kí á tó dì í." Mo dijú, gbogbo wa dijú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run. Bí ẹ bá mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, ẹ ó ti mọ̀ pé àdúrà mi kì í kúrú. Mo dárúkọ oko, mo dárúkọ òjò, mo dárúkọ àwọn ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúrà náà gùn tó fún ohun tí ẹnì kan fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù sọ ọ́, torí bí mo bá fi ìbínú sọ ọ́, n ó kàn máa pariwo lásán ni.

Àgbẹ̀ ni mí. Mò ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, mo sì ń mójú tó kòkó díẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ àdúgbò wa. Kì í ṣe pé wọ́n dìbò yàn mí o, ohùn mi ló kàn ròkè ju tiwọn lọ. Wàhálà tí gbogbo wa jọ ní ni kòkòrò. Àgbàdo tí o bá kó wọlé lóṣù Kẹjọ, kó tó di ọdún Kérésì, kòkòrò á ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Nítorí náà, yálà kí o tà á lọ́pọ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń tà á, tàbí kí o ra oògùn oníhóró tí wọ́n ń tà káàkiri nínú agolo, kí o jù ú sínú àpò. Oògùn yẹn ń pa kòkòrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí èèyàn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ Ìmísíolúwa, àbúrò mi obìnrin, kó àpò àgbàdo olóògùn mẹ́rin sínú yàrá tí wọ́n ń sùn, torí pé olè pọ̀ ládùúgbò wọn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń bì, orí ń fọ́ wọn. Ọmọ oṣù méje tó wà láàárín wọn kò jí. Háà! Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cornelius wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ọmọ náà. Òun ló di Ìmísíolúwa mú kó má baà ṣubú lulẹ̀.

Cornelius Bọ̀wálé yìí, a jọ dàgbà ni. Ọdún méjì ni mo fi jù ú. A jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí ohùn rẹ̀ ṣì dà bíi ti obìnrin. Ó kàwé nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, ó sì ríṣẹ́ sí àjọ kan ní Òṣogbo tó ń mú ọgbọ́n tuntun wá fún àwọn àgbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ yẹn, ó dé ilé mi tòun ti àpò kan tó ká sábẹ́ abíyá.

"Sísítà Phebe," ó ní, "ẹ wo nǹkan tó yẹ kó ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́."

Àpò onípele mẹ́ta ni. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú, àpò lásán ló wà níta. Ó ní kí àgbàdo ṣáà ti gbẹ dáadáa, kí á dà á sí i, kí á fọwọ́ tẹ atẹ́gùn jáde, kí á sì di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó le dan-in. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí gbogbo atẹ́gùn tó kù tán, á sì kú. Kò sí oògùn kankan. Ó ní wọ́n ti dán an wò ní ìlú tó pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè parọ́ fún yín, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rá. Ẹni tó mú un wá ni mo gbà gbọ́.

Àwọn obìnrin mi ni kò gbà. Ìyá Àrẹ̀mú, tó dàgbà jù wá lọ, fi ìka méjì mú ọ̀rá náà sókè. "Phebe, ọ̀rá? Ọ̀rá bíi èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì? Kòkòrò á wá kàn jókòó síbẹ̀, á máa wo àgbàdo níran?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ẹnu mi sì ni gbogbo wàhálà mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Ó dáa," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí á di àpò mẹ́ta níbí lóṣù Kẹjọ. Oṣù Kínní la máa tú u. Lọ́jọ́ náà, màá fi ṣe àádùn lójú gbogbo yín, ìyá tó bí mi lọ́mọ ló sì máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí kòkòrò kan ṣoṣo, ẹ yọ mí nípò. Bí ẹ ò bá rí i, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ra oògùn yẹn mọ́ láyé."

Wọ́n gbà. Ìyá Àrẹ̀mú pàápàá gbà. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kí oògùn yẹn kúrò nílé wa, kí a má tún gbẹ́lẹ̀ fún ọmọ kankan mọ́.

Bí a ṣe débi àdúrà nìyẹn. Àgbàdo ti kún àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu wọn ṣì ṣí sílẹ̀, Cornelius bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, ó ń kọ́ wa bí a ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Mo gbàdúrà, a ṣe àmín, ó di ẹnu wọn. Kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo yọ́ àpò tú, obìnrin kọ̀ọ̀kan fa ògbólógbòó aṣọ ya, ó sì so kókó tirẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe mọ̀ ọ́n so. Etí ọ̀já ni Ìmísíolúwa gé wá, ọ̀já tó fi máa ń pọn ọmọ rẹ̀. Ó so ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí i, mo sì gbójú kúrò kíákíá.

Cornelius fi ọ̀dà pupa sàmì sára ọ̀kan. "Èyí la máa kọ́kọ́ tú," ó ní. Mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Kí ni màá bi í sí?

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ṣọ́ àpò wọ̀nyẹn. Mo gbé wọn lé pákó kí ọ̀rinrin má baà dé ibẹ̀. Mo ra ológbò nítorí eku. Bí ọmọ mi Ìléríolúwa bá lọ jókòó lé wọn lórí, ariwo tí màá pa, ará ilé kejì á gbọ́ ọ. Mo sì ń bá Alhaja Kàósárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òṣogbo ló ń gbé, ní Òkè-Báálẹ̀, ògì gbígbẹ fún ọmọ ọwọ́ ló ń ṣe tà. Ó ti wá àgbàdo tí kò sí oògùn lára rẹ̀ títí, ó ti sú u.

"Phebe, ṣé ó dá ẹ lójú?" ó bi mí.

"Alhaja, mo fi orúkọ mi dúró."

Nígbà tó di oṣù Kínní, ọyẹ́ ń mú, ètè gbogbo wa gbẹ. Cornelius dé láti Òṣogbo tòun ti ọ̀gá rẹ̀ kan àti ayàwòrán. Alhaja Kàósárà náà bá wọn wá. Àwọn obìnrin yẹ kókó wọn wò, oníkálukú dá tirẹ̀ mọ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì tú u. Wọ́n tú u. Mo ṣí ọ̀rá àkọ́kọ́, mo ṣí èkejì, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Àgbàdo ń dán bí ọjọ́ tí a dà á sí i. Mo bù ú, mo jẹ́ kó máa ṣàn sínú abọ́, kò sí ìyẹ̀fun, kò sí ihò. Ìyá Àrẹ̀mú fi awò sójú, ó ń fọwọ́ tú u wò. "Kò mà sí o," ó ní. "Phebe, kò mà sí!" Ariwo sọ. Wọ́n ń jó, wọ́n ń dì mọ́ mi. Ayàwòrán ní kí n gbé àgbàdo sókè, mo gbé e sókè, mo yọ gbogbo eyín mi síta.

"Èyí tí ẹ bù yẹn ti tó fún àádùn," Cornelius sọ. "Ẹ jẹ́ kí ìyókù wà nínú àpò." Mo rò pé ó fẹ́ kí á ṣọ́ ọjà náà ni.

Mo yan àgbàdo, Ìmísíolúwa gbé e lọ sí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo níwájú ilé wa, mo fi epo àti iyọ̀ pò ó. Ìyá mi jókòó lórí àga láàárín àgbàlá. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu rẹ̀, kò sì sóhun tó fẹ́ràn bí àádùn. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fi nǹkan sẹ́nu láìgbàdúrà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti jogún àdúrà gígùn. Ó fi Ìjẹ̀ṣà tó jinlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá wa. Gbogbo àgbàlá dijú.

Èmi kò dijú. Inú mi dùn jù. Mo fẹ́ bu èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá wá fún Ìyá Àrẹ̀mú, kó rí i pé bí òkè ṣe rí ni ìsàlẹ̀ rí. Mo ti ọwọ́ bọ àpò títí dé abíyá. Ọwọ́ mi ba aṣọ.

Mo fà á jáde. Àkísà funfun kékeré ni, wọ́n fi òwú di ẹnu rẹ̀, eérú ló sì wà nínú rẹ̀, eérú tó funfun rúsúrúsú. Mo mọ eérú yẹn. Inú yàrá Ìmísíolúwa ni mo ti kọ́kọ́ rí i, láàárọ̀ ọjọ́ tí a kó àpò wọn síta. Ohun tí oògùn oníhóró máa ń dà tó bá ti jó ara rẹ̀ tán ni.

Mo gbójú sókè. Ojú ẹnì kan ṣoṣo ló tún là nínú àgbàlá náà, ojú Cornelius. Ó ń wò mí. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹní sọ pé, má ṣe é. Ìyá mi ní, "Àmín." Ó gbé àádùn sókè. Cornelius yíjú sí i, ó ń wò ó bó ṣe ń gbé e bọ̀ lẹ́nu. Kò sọ pé "Ẹ dúró."

Mo fò, mo gbá ìyá mi lọ́wọ́. Àádùn fọ́n ká ilẹ̀.

"Phebe!" Ìyá Àrẹ̀mú ló kígbe. "O gbá ìyá ẹ lọ́wọ́? Lójú àlejò?"

"Agbọ́n ni!" Cornelius ti dáhùn kí n tó lanu. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Agbọ́n ló fẹ́ bà lé e! Sísítà Phebe wa, ẹ kúuṣẹ́ o!" Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí ìyá mi pẹ̀lẹ́. Cornelius sún mọ́ mi, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú bí ẹni ń tù mí nínú, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ìgbà wo lo fi sí i?"

"Sísítà, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Cornelius, ìgbà wo?"

"Nígbà tí ẹ ń gbàdúrà."

Mo rántí bí mo ṣe ké tó lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe dárúkọ òun náà nínú àdúrà, pé kí Ọlọ́run gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.

"Agbára rẹ̀ ti tán," ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Oṣù márùn-ún! Kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Èyí tó ní ọ̀dà pupa nìkan ni mo fi sí. Mo mọ̀ pé àpò ń ṣiṣẹ́, Sísítà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí eku bá lu ú ńkọ́? Bí wọ́n bá rí kòkòrò kan péré lójú ọ̀gá mi, wọ́n á ní ká palẹ̀ mọ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà ni mo ṣe é fún."

Mo mú àádùn kan nínú àwo tó wà lórí tábìlì, mo nà án sí i. "Jẹ ẹ́."

Ó wo àádùn, ó wo ilẹ̀. Kò gbà á.

"O ò lè jẹ ẹ́. Ìyá mi ló lè jẹ ẹ́."

"Sísítà Phebe, mo bẹ̀ yín, ẹni kankan ò tíì rí i. Ẹ fi nǹkan yẹn sápò. Àgbàdo yìí nìkan la máa dànù, àwọn obìnrin yín á gba àpò, wọn ò ní ra oògùn mọ́. Ṣebí ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?"

Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn lóòótọ́. Ibẹ̀ ló ti mú mi. Bí mo bá panu mọ́, gbogbo wọn á gba àpò lọ́jọ́ náà, oògùn á sì kúrò nílé wọn. Mo fẹ́ panu mọ́. Kí n má parọ́ fún yín, mo ti ń ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ mi. Ìgbà náà ni mo rí Ìmísíolúwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò. Ó ti tú etí ọ̀já rẹ̀, ó ń wé e mọ́ ìka rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti lọ.

Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lọ́wọ́ Cornelius. Mo rìn lọ sáàárín àgbàlá, mo na ọwọ́ tí àkísà yẹn wà, mo sì là á.

"Kì í ṣe agbọ́n," mo ní.

Ìmísíolúwa ló kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Cornelius bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ọ̀gá rẹ̀ fà á lápá, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Wọ́n gbàgbé báńnà wọn lára ògiri mi.

Mo sáré wọlé, mo wọ́ àpò méjì tó kù jáde. Mo tú gbogbo wọn sórí tapólì. Mo fọwọ́ jọ̀ wọ́n títí dé hóró tó kẹ́yìn. Kò sí àkísà, kò sí eérú, kò sì sí kòkòrò, ẹyọ kan báyìí! "Ẹ wá wò ó!" mò ń pariwo. "Ẹ wá wò ó! Àpò yìí kò parọ́! Kò sóògùn nínú èyí, àgbàdo sì dára! Cornelius ló parọ́ mọ́ ọn!" Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo ń rún un ní tútù lójú wọn. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi.

"Phebe," Ìyá Àrẹ̀mú sọ, ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù, "ìwọ àti òun lẹ jọ ń ṣe é. Ìwọ lo gbàdúrà tí a fi dijú. Ta ló mọ ohun tó tún wà níbẹ̀ tí ojú wa ò rí?" Wọ́n ṣa aṣọ wọn nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ.

Alhaja Kàósárà ló kẹ́yìn. Ó di ọwọ́ mi mú. "Mo gbà ẹ́ gbọ́, Phebe, wallahi. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni mò ń ta ògì fún. Mi ò lè gbé e lọ."

Cornelius ṣì wà ní Òṣogbo, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Alhaja ló sọ fún mi pé wọ́n ti gbé pátákó ńlá kan síwájú ọ́fíìsì wọn, àwòrán mi ló wà lórí ẹ̀: èmi nìyẹn tí mo gbé àgbàdo olóògùn dání, tí mo yọ eyín. Bó bá wá sílé lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yìn mi gan-an ló ń dúró sí nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n dárí ji òun. Mi ò tíì fèsì. Bí wọ́n bá ní ká gbàdúrà báyìí, èmi kì í dijú mọ́. Ìyá mi ti bá mi wí títí, ó ti sú u.

Àgbàdo inú àpò méjì yẹn, mo dà á padà, mo tún dì í, èmi àti ìyá mi la jẹ ẹ́ tán. Títí di oṣù Kẹfà, kò sí kòkòrò nínú ẹ̀.

Nígbà tí oṣù Kẹjọ tún pé, mo mú àpò tuntun méjì, mo lọ sílé Ìmísíolúwa. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ó ń fẹ́ àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Mo kí i, mo jókòó, mo sì rí agolo oògùn oníhóró lórí fèrèsé.

"Ìmísí," mo ní. "Ìwọ? Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀?"

Kò wò mí lójú. "Ẹ má bínú, Sísítà mi. Ìta ni a máa kó wọn sí, mo ti sọ fún ọkọ mi. Yàrá wa ò tún ní rí i."

"Àpò nìyí. Ọ̀fẹ́ ni. Fúnra rẹ ni kí o dì í, kí ojú rẹ là sílẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó ń fẹ́ àgbàdo lọ.

"Èyí tó wà lórí fèrèsé yẹn," ó ní, "mo mọ̀ pé oògùn ni."

Mo ká àpò méjèèjì sábẹ́ abíyá, mo kí i pé ó dàbọ̀, mo sì gba ọ̀nà ilé mi.